Lẹ́yìn Wòlímà Bánkẹ́

Màkún, Ṣàgámù
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kìíní, 1984

Láídé ọmọ mi,

Mo ti gbé àbúrò rẹ Bánkẹ́ lọ sí Akaka. Àná, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ni mo gbé e lọ. Ọ̀dọ̀ Àáfà Síkírù ló wà. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ fún ọ kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. O ó ti gbọ́ pé àwọn sójà ti gbàjọba. Ọjà obì kò tíì dúró, nítorí àwọn oníbàárà wa láti Òkè Ọya ṣì ń wò ó bóyá ọ̀nà yóò dára. Ìyá rẹ kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àná.

O kò sí nílé nígbà wòlímà lóṣù Kọkànlá, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ta àtíbàbà sí. Àwọn ọmọbìnrin tó parí Kùránì wọ aṣọ funfun, kálukú gbé wáláà rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn àna wa tí wọ́n fẹ́ fẹ́ Bánkẹ́ fún ọmọ wọn jókòó sí iwájú. Ó kàn án. Ó dìde, ó ní “Bìsìmílàhì,” ó sì dákẹ́. Àáfà tó kọ́ ọ rán an létí, kò gbà á. Àwọn ènìyàn rò pé ojú ló ń tì í, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ó ṣáà ń wo wáláà. Nígbà tó yá, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹlòmíràn sì tẹ̀ lé e. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí tí ọmọ tó kàn fi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ sì ń búra pé ó ti ké gbogbo rẹ̀ láìṣì lẹ́bàá ààrò lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ìsọ̀ obì ló ń jókòó sí pẹ̀lú àwọn obìnrin tó ń bó obì. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó ti ẹyẹ. Àgbàlagbà kí i, kò dáhùn. Wọ́n ní mo ti bí ọmọ agbéraga. Àáfà rẹ̀ ń fún un ní hàntú mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run lára wáláà lè la iyè rẹ̀. Ó ń mu ún. Lọ́jọ́ kan ló da hàntú sílẹ̀, ó gbé wáláà, ó sì fọ́ ọ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Àáfà Síkírù ní àǹjọ̀nnú ló jókòó lé e ní ahọ́n.

Má sọ fún àwọn ọmọ Ṣàgámù tó wà lọ́hùn-ún. Àwọn àna ṣì ń retí. Wọ́n ní kó tún wòlímà ṣe kí wọ́n tó so yìgì. Tí oògùn kan bá wà níbẹ̀ tó ń la ẹnu, béèrè rẹ̀.

Èmi bàbá rẹ,
Lìádì Àlímì


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kejì, oṣù Kejì, 1984

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọjà. Ara mi le, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń kọ́ sì ń lọ.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí ẹ dáhùn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ṣé wọ́n dè é? Èmi àti Bánkẹ́ máa ń bá yín lọ ra obì ní Akaka nígbà tí a wà ní kékeré. Gbogbo ọmọ tó bá gba ẹ̀yìn ilé Àáfà Síkírù kọjá ló mọ ìró tó máa ń ti ibẹ̀ wá.

Bánkẹ́ kò ní àǹjọ̀nnú. Ẹ rántí pé ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin kó tó so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Tí ẹ bá rán an ní iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀, ti ìkẹyìn nìkan ló máa ń jẹ́, ẹ ó sì ní ó lágídí. Tíṣà rẹ̀ nà án nítorí pé ó mọ ìdáhùn, kò sì rí i sọ. Ní ibi tí wọ́n gbé mi sí báyìí, a ń tọ́jú àwọn ọmọ tó rí bẹ́ẹ̀. Etí wọn ń gbọ́, ọpọlọ wọn pé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tò lẹ́nu wọn bó ṣe ń tò lẹ́nu tiwa. Ìyẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe wèrè. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ìbànújẹ́ á wọ̀ ọ́ lára bí àìsàn. Kò ní jẹun, kò ní sùn, òmíràn á máa ro ikú. Ohun tí ẹ rí nísọ̀ obì nìyẹn. Ẹ ti ń wò ó láti oṣù Kọkànlá, ẹ sì ń pè é ní ìgbéraga.

Kò sí oògùn tó ń la ẹnu. Àwọn tó ń kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sísọ wà, mo sì gbọ́ pé wọ́n wà ní Ìbàdàn. Ní ti wòlímà, kì í ṣe ọ̀kan nínú òpó ẹ̀sìn. Àṣà wa ni. Ọlọ́run kò ní kí ọmọ ké kéwú níwájú àwọn àna kó tó di Mùsùlùmí. Ẹ bi Lemọ́mù.

Ẹ lọ mú un wálé, Bàbá. Mi ò kọ ọ́ bí ẹ̀bẹ̀.

Ọmọ yín,
Láídé


Màkún, Ṣàgámù
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, 1984

Láídé,

Mo gba ìwé rẹ. A wà.

Mo rán ọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn, o ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún bàbá. Ẹ̀kọ́ yẹn yára wọ̀ ọ́ lórí. O wà níbẹ̀, o kò fojú kan ọmọ yìí láti ìgbà tó ti wà ní ọmọ ọdún méjìlá, o sì mọ ohun tó ń ṣe é. Èmi tí mo ń gbé ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ni mi ò mọ̀.

Ó dára, jẹ́ kí n bi ìwọ náà. Ta ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀? Tí àlejò bá bi Bánkẹ́ pé kí lorúkọ rẹ̀, ìwọ lo máa ń dáhùn. Tí mo bá ní kó kí Alhaja, kó tó kúnlẹ̀, o ti kí wọn tán, o ti béèrè ọmọ, o ti béèrè ọjà. Ìwọ ni ẹnu rẹ̀, o sì gbé ẹnu náà wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. Nígbà tí kò sí ìwọ mọ́ ni a tó mọ̀ pé ilé ṣófo.

Àáfà Síkírù mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò kì í kọ́ ẹni tó ń bó obì bó ṣe máa di ọ̀bẹ mú. Ìyá rẹ lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó dé, ó kó aṣọ rẹ̀ lọ sí yàrá àwọn ọmọ, ibẹ̀ ló ń sùn. Mi ò bi í ní ohun tó rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, má kọ́ mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti ń kírun kí wọ́n tó bí ìyá rẹ.

Lìádì Àlímì


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, 1984

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi ní yàrá tí wọ́n wà.

Ẹ kò dáhùn ìbéèrè mi, nítorí náà mo ti rí ìdáhùn gbà. Wọ́n dè é. Bí wọn kò bá dè é, ẹ ì bá ti fi ìbínú sọ pé wọn kò dè é.

Òótọ́ ni pé èmi ni ẹnu rẹ̀. Mi ò ní tọrọ àforíjì lórí rẹ̀. Nínú ilé wa, tí ọmọ kò bá kí ènìyàn kó gùn, kó sì yára, ìgbátí ló ń tẹ̀ lé e. Mo ń kí wọn kí ọwọ́ má baà dé etí rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú ilé tó ní sùúrù kó dúró gbọ́ tirẹ̀. Ẹ ní mo gbé ẹnu náà wọ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí lọ́dọ̀ mi kí ẹ tó gbọ́ ọ lọ́nà. Mo ti kọ̀wé sí Àǹtí Adétóun ní Ìsarà. Mo ní kí wọ́n lọ sí Akaka, kí wọ́n sì mú Bánkẹ́ kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin àti wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ tíṣà onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò yín ni wọ́n, ọmọ wọn sì ni Bánkẹ́. Inú á bí yín. Ìbínú yín kò ní pa mí. Irin lè pa Bánkẹ́.

Láídé


Màkún, Ṣàgámù
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin, 1984

Láídé,

Adétóun ti lọ mú un. Ó mú un láìbi mí, láìkí mi, ó gba ẹ̀yìn ìlú kọjá lọ sí Ìsarà bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé. Akaka ni wọ́n ti rán ọmọ wá sọ fún mi nínú ilé mi.

Àwọn sójà yìí ti ń fi kòbókò kọ́ gbogbo Nàìjíríà láti máa tò sẹ́yìn ara wọn. Ní ibùdókọ̀ Ṣàgámù, àwọn ọmọ ìta ń tò. Ìwọ àti Adétóun nìkan ni ẹ kò mọ ẹni tó wà níwájú yín.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Àwọn àna rán ènìyàn wá, wọ́n béèrè Bánkẹ́, mo ní ó lọ kí àǹtí rẹ̀. Wọ́n ní kí wòlímà wáyé kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Àáfà Síkírù náà wá. Ó ní iṣẹ́ òun kò tíì parí, pé tí wọ́n bá gé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín, ohun tó wà lára ọmọ á padà lágbára sí i. Ó ní òun á bá mi dé Ìsarà, òun á sì mú un padà.

Mo bi Lemọ́mù ní ìbéèrè tí o ní kí n bi í. Kì í ṣe nítorí tìrẹ. Mo retí pé á rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní a ti ń ṣe wòlímà láti ayé bàbá òun, ṣùgbọ́n kí òun tó sọ pé dandan ni tàbí pé kì í ṣe dandan fún irú ọmọ yìí, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Òun náà ní òun á bá mi dé Ìsarà.

Ẹnì kan péré ni mo lè mú. Tí mo bá mú Lemọ́mù, mo ti sọ fún gbogbo Màkún pé àṣìṣe ni Akaka. Mi ò tíì dá èyíkéyìí nínú wọn lóhùn.

Lìádì Àlímì


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 1984

Bàbá mi,

Mo kí yín. Ẹ ṣeun tí ẹ bi Lemọ́mù. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín, mi ò sì ní fi ṣe yín ní yẹ̀yẹ́.

Ẹ mú Lemọ́mù. Tí Àáfà Síkírù bá tún fi ọwọ́ kan Bánkẹ́, èmi fúnra mi á kọ̀wé sí àwọn àna. Mo mọ ilé wọn. Màá sọ ibi tí ìyàwó wọn sùn láti oṣù Kìíní àti ohun tó wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀, màá sì fọwọ́ sí i ní orúkọ mi àti tiyín. Màkún á wá mọ̀, àmọ́ kò ní jẹ́ pé lẹ́nu Lemọ́mù ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

Ọmọ yín ni mí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá ti sọ iye obì kì í yí i padà nítorí pé oníbàárà bojú jẹ́.

Láídé


Ìsarà
Ọjọ́ Àìkú, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún, 1984

Láídé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Ó pẹ́ kí n tó fèsì ìwé rẹ. Má bínú. Mo fẹ́ ní ohun gidi láti sọ kí n tó sọ ọ́. Kíákíá ni mo ń kọ èyí. Ọ̀gá Ọláníyọnu tí a jọ ń ṣe tíṣà ń lọ sí Èkó láàárọ̀ yìí, ó sì ní òun á fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti ibẹ̀.

Nígbà tí mo dé Akaka, Àáfà Síkírù ń jẹun. Ó ní, “Ìyá tíṣà, ṣé bàbá rẹ̀ ló rán yín?” Mo ní èmi àti bàbá rẹ̀, ọmú kan náà la mu. Ó ní kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ òun, pé ọmọ iṣẹ́ òun ti mú un lọ sóko ẹ̀gẹ́. Mo ní kò burú, mo ti mú iṣẹ́ dání. Mo gbé àga rẹ̀ sí àárín àgbàlá, mo kó ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wá wo aláìsàn ni mo ń bi pé kí ló ń ṣe tiwọn, ìgbà wo ni wọ́n ti gbé e wá, ṣé ara rẹ̀ ti ń yá. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, wọ́n sì ń ronú kí wọ́n tó dáhùn. Mi ò tíì máàkì dé ìdajì tí kọ́kọ́rọ́ fi ti àpò Àáfà jáde.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì. Ó ti bó o lára ní ọrùn ẹsẹ̀ yí ká. Kò sunkún. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì ṣíwájú mi jáde.

Ní ilé mi, mi ò bi í ní nǹkan. Mo ń sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú, mo sì ń dúró bí o ṣe kọ ọ́ sí mi. Dídúró yẹn kò rọrùn fún ẹni tó ń kígbe mọ́ ogójì ọmọ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ọkọ mi kò tilẹ̀ lè ṣe é. Tí Bánkẹ́ bá ti dákẹ́ díẹ̀, ó ti bá a parí ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, a ń ṣa ẹ̀gúsí, ó ní, “Àǹtí. Mo mọ̀ ọ́n.”

Mo ní, “Kí lo mọ̀?”

“Kéwú yẹn. Ó wà… ó wà níbí.” Ó fi ọwọ́ kan àyà. “Kì í jáde. Ojú. Ojú ti pọ̀ jù.”

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí o jókòó kà. Ó sọ fún mi pé lẹ́yìn wòlímà, òun máa ń lọ dúró lẹ́bàá kànga ilé yín, òun máa ń wo inú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ṣì ń ro ó. Ó ní, “Tẹ́lẹ̀.” Mi ò fi ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mú un lọ bá dókítà kan ní Ìkẹ́nnẹ́. Onísùúrù ni, ó gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, ó sì kọ̀wé fún wa lọ sí Ìbàdàn. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n dá fún wa. Títí dìgbà náà, inú yàrá mi ló ń sùn.

Ó ti ń jẹun. Ó ti ń bínú pẹ̀lú, inú mi sì dùn sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aládùúgbò kan wá, ó ní, “Ọmọ yìí, o ò lè kí ènìyàn ni?” Bánkẹ́ kúnlẹ̀, ó dìde, ó wo obìnrin náà lójú, ó ní, “Mo ti kí yín.” Ó sì wọlé lọ. Obìnrin náà ní kí n bá a wí. Mo ní a ti gbọ́ ìkíni rẹ̀, ẹ jókòó.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, bàbá rẹ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lónìí. Ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ náà kò sọ ẹni tí wọ́n jọ ń bọ̀. Mo bi í, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bánkẹ́ wà nítòsí, ó gbọ́. Mo sọ fún un pé ọkọ mi lè gbé e lọ sí Òde Rẹ́mọ títí tí wọ́n á fi lọ. Ó ń mi orí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, “Mi ò sá. Kí wọ́n wá. Mi ò ké kéwú níwájú wọn. Mi ò lọ Akaka.”

Kò kólòlò, kò dúró láàárín. Mo ní kó tún un sọ kí n gbọ́ dáadáa.

Ó ní, “Ẹ ti gbọ́.”

Láti ìdájí ló ti fọ aṣọ rẹ̀, ó gbá iwájú ilé, ó sì gbé àga síta. Ó wà níbẹ̀ báyìí. Ilẹ̀kùn ni mo dojú kọ bí mo ṣe ń kọ èyí. Èmi náà ti pinnu. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀gbọ́n mi bá mú wá, Bánkẹ́ kò ní wọ ọkọ̀ rẹ̀ lónìí àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́.

Ọ̀gá Ọláníyọnu ti gbé àpò rẹ̀ lérí, ó ní kí n fi òpin sí i. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògèrè dé ni. Ó ní òun rí pikọ́ọ̀pù Alhaji Lìádì níbẹ̀, wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ sí táyà. Ó ní àwọn méjì ló wà nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ló ń wà á, ẹni kejì sì wé láwàní funfun. Mo bi í bí ẹni náà ṣe rí. Ó ní ó kọ ẹ̀yìn sí òun.

Àáfà Síkírù ń wé láwàní. Lemọ́mù náà ń wé e. Mi ò tíì mọ èwo ló ń bọ̀.

Adétóun